Irú bùrọ́kólì wo ló lè dì ní Èkìtì, oṣù wo ló sì yẹ ká gbìn ín?

ỌmọAdó:

Ẹ kú uṣẹ́ o, ẹ̀yin olóko ilẹ̀ Èkìtì. Ọmọ yín ni mí, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Leeds wálé láìpẹ́ yìí, ó sì kó irúgbìn bùrọ́kólì oríṣi márùn-ún lé mi lọ́wọ́: Green Magic, De Cicco, Purple Sprouting, Romanesco, àti kai-lan tí wọ́n ní àwọn ará Ṣáínà ló ni ín. Wọ́n kọ oṣù tí a ó gbìn ín sára àpò kọ̀ọ̀kan, àmọ́ oṣù ti Ìlú Ọba ni gbogbo rẹ̀. Green Magic, wọ́n ní láti oṣù kẹta. Purple Sprouting, wọ́n ní oṣù kẹrin, ká sì máa retí rẹ̀ di ọdún kejì! Oṣù kẹta tiwa níbí, oòrùn máa ń mú débi pé ewé ẹ̀fọ́ á ti rọ kí aago mọ́kànlá àárọ̀ tó lù.

Ilẹ̀ mi wà lọ́nà Ìyìn, ó tó bíi púlọ́ọ̀tì méjì. Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀, kì í sì í gbẹ tán kó tó di oṣù kejì. Ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀ àti kábéèjì ni mo ń gbìn síbẹ̀. Kábéèjì náà ń dì dáadáa, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa rò ó pé bùrọ́kólì náà lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ọjà Ọba sọ fún mi pé kí n má da ara mi láàmú, pé bùrọ́kólì kì í dì níbòmíràn àyàfi Jos.

Èwo nínú márààrún ló lè dì níbí? Oṣù wo ni kí n fọ́n ọn? Ẹni tó bá ti gbìn ín rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

OlókoẸ̀fọ̀n:

Ọmọ mi, o kú uṣẹ́ o. Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní báyìí, àkùrọ̀ kan lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni ọ́fíìsì mi, ọdọọdún ni mo sì ń gbin bùrọ́kólì síbẹ̀. Inú mi dùn pé o béèrè kó o tó já àpò irúgbìn.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ Jos fún ọ kò purọ́, ọ̀rọ̀ náà ló kù díẹ̀. Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà, òtútù ibẹ̀ sì máa ń pẹ́ nílẹ̀. Adó ò tó ìdajì gíga yẹn. Ṣùgbọ́n àwa náà ní ọyẹ́, ọyẹ́ yìí ni kó o gbá mú.

Nǹkan tí a ń jẹ lára bùrọ́kólì, òdòdó tí kò tíì là ni. Àìmọye ọmọ òdòdó ló kóra jọ síbẹ̀ tí a ń pè ní orí. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù, bíi dígírì 15 sí 20, gbogbo wọn á rọra máa tóbi pọ̀, orí á ki, á sì le. Bí ooru bá kọjá dígírì 30 lọ́sàn-án, tí òru náà ò sì tutù, á di pé wọ́n ń kánjú là. Àwọn kan á wú, àwọn kan ò ní wú, ewé á máa yọ gba àárín orí, kó o sì tó mọ̀, orí tí kò tíì tó jẹ ti tanná yẹ́lò. Ewé àti igi rẹ̀ lè fara da ooru nígbà tó bá ṣì ń dàgbà. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí orí fi ń dì gan-an ló ń wá òtútù.

Nílẹ̀ Èkìtì, oṣù kejì àti ìkẹta ló máa ń gbóná jù. Òru tó tutù dáadáa tí a ní, inú ọyẹ́ ni, láti oṣù kejìlá wọ oṣù kìn-ín-ní. Nítorí náà, inú ọyẹ́ ni kó o dúró sí kó o máa ka ọ̀sẹ̀ padà sẹ́yìn. Oṣù tó wà lára àpò yẹn, má tẹ̀ lé e rárá.

Green Magic ni kó o gbájú mọ́ bó o bá fẹ́ tà. Ilé iṣẹ́ Sakata ti ilẹ̀ Japan ló ṣe é, ó sì ń fara da ooru ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí a bá ti lọ́ ọ kúrò ní nọ́sìrì, yóò tó ọjọ́ 60 sí 70 kí orí tó tó gé. Fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún tó máa lò ní nọ́sìrì kún un. Bó o bá fọ́n ọn ní ìdajì oṣù kẹsàn-án, wàá lọ́ ọ ní ìdajì oṣù kẹwàá, nígbà tí àrọ̀kúrò ṣì ń rọ̀ tí ilẹ̀ sì rọ̀, orí á wá bọ́ sínú ọyẹ́ gẹ́lẹ́. Èmi máa ń fọ́n òmíràn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá àti ní ìdajì rẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ má baà tó gé lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò tún fọ́n mọ́, torí ooru oṣù kejì ló máa ká orí wọn mọ́ oko.

De Cicco, irúgbìn àtijọ́ ti àwọn ará Ítálì ni. Ìgbà kan náà ni kó o fọ́n òun àti Green Magic. Orí àárín rẹ̀ kéré, kì í sábà ju ínǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, wọn kì í sì í tó gé pa pọ̀: èyí lónìí, ìyẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọlọ́jà ò ní fẹ́ ẹ. Àmọ́ fún ìkòkò ọbẹ̀ ilé, ó dára gan-an, nítorí bó o bá ti gé orí àárín, ẹ̀ka kéékèèké á máa yọ ní ìdí ewé, wàá sì máa já wọn jẹ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Purple Sprouting, fún ẹ̀gbọ́n rẹ padà. Òtútù gidi ló ń sọ fún un pé àsìkò òdòdó ti tó, ìyẹn òtútù ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tí kò tó dígírì 10, èyí tí a kì í rí ní Èkìtì títí ayé. Wàá gbìn ín, á ga dé àyà rẹ, ewé rẹ̀ á pọ̀ yẹtuyẹtu, kò sì ní yọ ohunkóhun tó o lè gé tà. Ewé rẹ̀ ṣeé sè o, mi ò ní kó o dà á nù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ewé lò ń wá, ṣọkọ yá ju ìyẹn lọ.

Romanesco, mo mọ ìdí tí ọwọ́ rẹ fi ń yún ọ lórí rẹ̀. Orí rẹ̀ dàbí òkè tó gun orí òkè, gbogbo rẹ̀ á lọ́ yípo ṣóńṣó ṣóńṣó. Ọ̀dọ̀ kọlifiláwà ló ti sún mọ́ ẹbí ju bùrọ́kólì lọ, ó sì ń fẹ́ òtútù tó pẹ́ tí kò sì yí padà. Bó o bá fẹ́ fi tẹ́ ara rẹ lọ́rùn, fọ́n díẹ̀ pẹ̀lú Green Magic àkọ́kọ́. Má fi ìrètí owó sí i.

Kai-lan wá ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, mo sì fẹ́ kí gbogbo olóko Èkìtì gbọ́ nípa rẹ̀. Kì í dì orí. Igi rẹ̀ tó nípọn, ewé rẹ̀ àti òdòdó tó ń yọ lókè ni a ń jẹ. Ooru ò fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. Kò nílò nọ́sìrì, orí bẹ́ẹ̀dì gan-an ni kó o fọ́n ọn sí, wàá sì máa gé e láàárín ọjọ́ 45 sí 60, nígbà tí òdòdó bá yọrí tí kò tíì là. Àfi ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́ ni mi ò kí ń gbìn ín. Bó o bá rò ó pọ̀ mọ́ irú àti ẹja gbígbẹ, tí iyán wà ńlẹ̀, wàá gbàgbé pé Ṣáínà ló ti wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó ṣe pàtàkì fún ọ. O ní kábéèjì wà lórí ilẹ̀ yẹn. Kábéèjì, bùrọ́kólì àti kọlifiláwà, ọmọ ìyá ni wọ́n, àrùn kan náà àti kòkòrò kan náà ló ń jẹ wọ́n. Má lọ́ bùrọ́kólì sí ojú ibi tí kábéèjì ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Ibi tí tẹ̀tẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ ni kó o lò.

Àgbẹ̀Ìjerò:

Mà, ẹ kú ìkọ́ni o, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa.

Mo fẹ́ fi tèmi kún un, ẹ má bínú. Oṣù keje àti ìkẹjọ, òjò àti ìkùukùu kì í jẹ́ kí ọ̀sán gbóná bíi ti ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fọ́n Green Magic ní oṣù karùn-ún lọ́dún tó kọjá. Àwọn kan dì, wọ́n sì tóbi. Àmọ́ mo rí i pé etí ewé wọn ń di yẹ́lò, yẹ́lò náà á wá máa wọ àárín bí igun, iṣan inú ewé á sì dúdú. Kí nìyẹn? Ṣé òjò ló fà á?

Ní ti ọjà, ỌmọAdó, má fòyà. Àwọn ilé oúnjẹ tó ń se ìrẹsì díndín àti àwọn òtẹ́ẹ̀lì ní Adó ń rà á. Èyí tó ń ti Jos wá máa ń rìn jìnnà, òmíràn á ti máa pọ́n kó tó dé. Èyí tí wọ́n gé ní àárọ̀ òní ni wọ́n ń fẹ́.

OlókoẸ̀fọ̀n:

Àgbẹ̀Ìjerò, ojú rẹ mọ nǹkan. Yẹ́lò tó bẹ̀rẹ̀ láti etí ewé tó wá ń wọ inú bí igun, tí iṣan sì dúdú, ìjẹrà dúdú ni wọ́n ń pè é. Bakitéríà ni, inú irúgbìn ló lè bá wá, omi òjò tó ń ta sókè láti ilẹ̀ ló sì ń gbé e láti ara èyí dé ara ìyẹn. Kò sí oògùn tó ń wò ó lára igi tó ti mú. Fà á tu, sun ún, má jù ú sórí ààtàn.

Òótọ́ ni pé ọ̀sán oṣù kẹjọ tutù díẹ̀. Ṣùgbọ́n òru rẹ̀ ò tutù bíi ti ọyẹ́, ewé kì í sì í gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín nígbà òjò, kó kọ ebè ga, kó fi àyè sílẹ̀ ju ti ẹ̀ẹ̀rùn lọ, kó má sì wọ oko nígbà tí ewé bá ṣì tutù, nítorí ọwọ́ àti aṣọ wa náà ń gbé àrùn yẹn kiri. Èmi ò ní gbìn ín. Ẹni tó ní omi ẹ̀ẹ̀rùn bíi ti ỌmọAdó, kí ló ń fi òjò dán wò?

ỌmọÌkọ̀lé:

Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Birmingham ni mo wà, mo sì ní ọgbà kékeré kan níbí. Òótọ́ ni màmá sọ nípa Purple Sprouting. Oṣù kẹrin sí ìkẹfà la máa ń fọ́n ọn. Á wà nínú òtútù àti yìnyín títí ọdún á fi yí, láti oṣù kejì títí di ìkarùn-ún la wá ń já a. Nígbà tí ẹ̀fọ́ mìíràn ò bá sí nínú ọgbà, òun ló ń gbà wá. Oríṣi kan wà tí wọ́n ń pè ní Burgundy tí kò nílò òtútù kó tó yọ, ọdún kan náà la ń fọ́n ọn tí a ń já a. Mà, ṣé ìyẹn lè ṣe é nílé?

OlókoẸ̀fọ̀n:

O ṣé, ọmọ mi. Èyí tí kì í dúró de òtútù lè yọ lóòótọ́. Àmọ́ inú ọyẹ́ kan náà ni màá fi sí, igi bíi mélòó kan péré ni màá sì kọ́kọ́ gbìn kí n fi wo bó ṣe máa rí.

ỌmọAdó:

Mà, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ̀yin tó kù náà, ẹ ṣeun. Mo ti yọ Purple Sprouting sọ́tọ̀.

Ẹ dákun, mo ṣì ní ìbéèrè. Báwo lẹ ṣe ń ṣe nọ́sìrì yín tí kì í fi í ga tín-ín-rín kó ṣubú? Kábéèjì mi, kòkòrò kan máa ń jẹ ewé rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn, mo sì mọ̀ pé á wá bá bùrọ́kólì náà. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé orí ti tó gé? Ṣé mo sì lè tọ́jú irúgbìn di ọdún tó ń bọ̀?

OlókoẸ̀fọ̀n:

Ìbéèrè olóko gidi nìyí. Jókòó, jẹ́ ká sọ ọ́.

Nọ́sìrì: ìmọ́lẹ̀ tí kò tó ló ń jẹ́ kó ga tín-ín-rín. Imọ̀ ọ̀pẹ ni mo fi ń ṣe ìbòòji, ṣùgbọ́n bí irúgbìn bá ti yọ, láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí méje, mo máa ń yọ imọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, títí tí oòrùn á fi máa ràn sí i lára tààrà. Ilẹ̀ dúdú tí a pò mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà pátápátá ló fẹ́. Èyí tó ṣì ń rùn á jó gbòǹgbò rẹ̀. Bó bá ti ní ewé mẹ́rin sí márùn-ún, bomi rin ín dáadáa, kó o sì lọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ kí òru tó ń bọ̀ lè tù ú nínú. Fi nǹkan bí sẹ̀ńtímítà 45 sílẹ̀ láàárín igi sí igi, 60 láàárín ebè sí ebè. Fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, kó nípọn. Ọ̀sán ọyẹ́ wa ṣì ń gbóná, òtútù òru la ń gbára lé, koríko yẹn ni kì í jẹ́ kí gbòǹgbò mọ ooru ọ̀sán. Má jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ láé, pàápàá nígbà tí orí bá ń dì. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fa omi inú ilẹ̀ ju oòrùn lọ.

Kòkòrò: mo mọ ẹni tó ò ń sọ. Yí ewé náà padà, kó o wo abẹ́ rẹ̀. Wàá rí ibi tó dàbí pé ó lu, àmọ́ tí kò lu, awọ fẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣì wà níbẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Kòkòrò ewéko tín-ín-rín kan ló ń ṣe é. Bó o bá fi ọwọ́ kàn án, á máa jà ranyinranyin, á sì já bọ́ lára ewé, á wá fi okùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan rọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ọmọ àfòpiná kékeré kan ni. Nínú gbogbo kòkòrò ayé, òun wà lára àwọn tí oògùn kì í ràn mọ́. Bí àwọn àgbẹ̀ bá ti ń fọ́n oògùn kan léraléra, èyí tí kò bá kú á bí ọmọ tí kò ní kú. Mo máa ń gún ewé àti èso dóńgóyárò, màá rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, màá sẹ́ ẹ, màá po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn, màá wá fọ́n ọn sí abẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́. Oògùn tí wọ́n fi bakitéríà Bt ṣe náà ń pa á nígbà tó bá ṣì kéré, kì í sì í pa oyin. Máa yí wọn padà fún ara wọn. Ṣùgbọ́n ojú ló ṣe kókó. Láàárọ̀, kí n tó bomi rin oko, mo máa ń yí ewé igi bíi mélòó kan padà wò, àwọn tí mo bá bá, ọwọ́ ni mo fi ń pa wọ́n.

Gígé: wo hóró orí náà, má wo títóbi rẹ̀. Bí wọ́n bá ki mọ́ra, tí wọ́n dúdú díẹ̀ bí ewéko tó ní àwọ̀ aró nínú, dúró. Bí o bá rí i pé etí orí ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú, tí àyè ń yọ láàárín ìdì kan sí ìkejì, ọjọ́ yẹn ni kó o gé e, ìbáà ṣe kékeré. Bó o bá dúró di ọ̀la torí pé o fẹ́ kó tóbi sí i, yẹ́lò ló máa fi dá ọ lóhùn. Fi ọ̀bẹ mímú gé igi rẹ̀ ní dídà, kí ìrì má baà dúró lójú egbò kó jẹrà, kó o sì fi ewé sílẹ̀ kí ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ lè yọ. Bó o bá rí ihò nínú igi tó o gé, ó lè jẹ́ pé ajílẹ̀ pọ̀ jù tó sì ń dàgbà wàràwàrà, tàbí pé boron, èròjà kan tí igi ń fẹ́ díẹ̀, ò tó nínú ilẹ̀. Ó ṣì ṣeé jẹ.

Àárọ̀ kùtù ni kó o gé e. Bùrọ́kólì tó wà nínú ooru ilé lásán á ti máa pọ́n láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ èyí tó wà nínú òtútù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di yìnyín lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. Kúlà àti yìnyín díẹ̀ ni mo fi ń gbé e lọ sí Adó, mo sì máa ń pe oníbàárà kí n tó gé. Má gé kó o tó máa wá ẹni tó máa rà á.

Irúgbìn: Green Magic jẹ́ F1, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n fi oríṣi méjì pò mọ́ra ṣe, ọmọ rẹ̀ ò ní jọ ọ́, ra òmíràn lọ́dọọdún. De Cicco kì í ṣe F1, ìyẹn ṣeé tọ́jú, ṣùgbọ́n bó bá tanná nítòsí kai-lan tàbí kábéèjì tó tanná, oyin á po wọ́n mọ́ra, mi ò sì mọ ohun tó máa hù fún ọ. Irúgbìn tó ṣẹ́ kù nínú àpò ní tirẹ̀, dì í pa, fi sínú ìgò tó gbẹ, gbé e sínú fíríìjì. Á ṣì hù lọ́dún tó ń bọ̀.

Oṣù kẹsàn-án ò jìnnà mọ́. Lọ wá ìgbẹ́ adìyẹ ní báyìí kó lè jẹrà kó tó dìgbà náà, kó o sì kó eérú igi díẹ̀ sí ilẹ̀ bó bá kan, nítorí pH, ìyẹn ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó, láàárín 6 sí 7 ni bùrọ́kólì fẹ́. Nígbà tó o bá fọ́n ti àkọ́kọ́, kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ kó o wá sọ fún wa níbí.